Àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀: odò àti òkè wo la lè dé láti Iléṣà nínú oṣù kẹjọ?

ỌmọOwá_Manchester · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta (ọdún 14, 11 àti 7) ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ màmá mi ní Iléṣà nínú oṣù kẹjọ. Ìgbà tí a wálé kẹ́yìn, inú pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń jà du ṣájà. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀. N kò wá òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká jí láàárọ̀, ká wọ ọkọ̀, ká gba ọ̀nà abúlé, ká dé ibi tí omi ti ń ṣàn lára òkè, ká jẹun, ká sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Camry ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la máa lò, òun náà ló máa wà á. Ọkọ̀ ọ̀hún wálẹ̀ gan-an. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Arinta àti Ìkọ́gòsì, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màmá mi ní orí mi ti dà rú, pé ta ló ń lọ síbi omi nígbà òjò. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ṣé ọ̀nà Ẹ̀rìn sí Èfọ̀n ṣì ṣeé gbà? Ṣé ọmọ ọdún méje lè gun Olúmìrìn, omi tó ń já ní Ẹ̀rìn yẹn?

Adéwálé_Ìkẹjà · 9:02 alẹ́

Màmá yín ló jàre. Oṣù kejì ni kí ẹ wá, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Òjò kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ìrìn àjò.

Ọ̀ṣọ̀mààló · 9:31 alẹ́

Adéwálé, ẹni tó bá lọ sí Olúmìrìn ní oṣù kejì, àpáta ló lọ wò. Omi á ti fà, á wá máa kán bí ẹni ń da omi látinú kẹ́túlù. Ìgbà òjò lomi yẹn ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀rìn ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ipele méje ni omi náà fi ń bọ́ láti orí òkè. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Akínlà, obìnrin kan nínú ìran Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1140, nígbà tí wọ́n ń ṣí bọ̀ láti Ifẹ̀. (Ta ló ń ka ọdún nígbà yẹn? Ṣùgbọ́n 1140 náà la bá nílẹ̀.) Ọmọ ọdún méje á rìn dé ipele kìíní láìsọ pé ó rẹ òun, torí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀. Ìkejì náà kò le jù. Láti ìkẹta lọ, gbòǹgbò igi lẹ máa dì mú, ọwọ́ ló sì máa ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Lókè téńté, abúlé kan wà níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ Èkìtì lẹ ti bọ́ sí yẹn. Mo ti gùn ún débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì ń bú ara mi lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin àti ọmọ kékeré, ẹ dúró sí ìkejì. Kí ẹ̀gbọ́n yín mú àwọn ọmọ méjì tó dàgbà lọ sí ìkẹta tí àpáta bá gbẹ díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń mú àlejò gòkè. Ẹ bá wọn dúnàá-dúrà nísàlẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà lórí àpáta. Ẹ mú owó gidi dání, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì POS lè máa ṣe wèrè. Kàńbáàsì tí ìdí rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí ẹ wọ̀. Ẹni tó bá wọ dúnlọ́ọ̀pù gun Olúmìrìn, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ á bá omi lọ, ó kéré tán.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà · 10:15 alẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé èrò láti Iléṣà lọ sí Adó. Ẹ gba ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ yà sọ́wọ́ òsì ní Ẹ̀rìnmọ̀, ẹ ó bá Ẹ̀rìn lójú ọ̀nà. Láti ibẹ̀ lẹ ó gòkè lọ sí Èfọ̀n-Aláayè, tí ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Àrámọkọ. Ọ̀nà náà ṣeé gbà fún Camry, kòtò ló wà níbẹ̀. Kòtò tó bá kún fún omi, ẹ má wọ̀ ọ́ tí ẹ kò bá tíì rí ọkọ̀ mìíràn kó wọ̀ ọ́ kó sì jáde. Ọkọ̀ kan rì sí ọ̀kan báyìí lójú mi, omi ló wọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló gbà kúrò níbẹ̀.

Òkè Èfọ̀n gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìgòkè kọ́ ló ń pa èèyàn, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Kọ́ọ̀nà wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ kò ní rí ọkọ̀ agégẹdú tó ń bọ̀ àyàfi tó bá dé iwájú yín. Ẹ fọn fèrè. Ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè délẹ̀, á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Jíà ni kí ẹ fi dá ọkọ̀ dúró. Tó bá jẹ́ ọ́tò, ẹ fà á sí 2 tàbí L. Tí ẹ bá gbóòórùn bí ẹni pé rọ́bà ń jóná, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ dúró, kí bíréèkì tutù. Ẹ má da omi sí i o! Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, díìsì rẹ̀ là.

Ní àárọ̀ kùtù, ìkùukùu máa ń bo òkè yẹn débi pé ẹ kò ní rí bónẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ má kúrò ní Iléṣà kí aago méje tó lù.

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀rìn nìkan kọ́ ló lomi. Àwa tí a wà ní Èkìtì náà ní tiwa.

Aunty Manchester, ẹ fi Ẹ̀rìn sí ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì so Ìkọ́gòsì pọ̀ mọ́ Arinta ní ọjọ́ kejì, torí Ìpólé-Ilọ́rọ̀ tí Arinta wà kò jìnnà sí Ìkọ́gòsì rárá. Ẹ gba Àrámọkọ, ẹ yà sí Erìjìyàn, ẹ ó bá Ìkọ́gòsì. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, wọ́n pàdé, síbẹ̀ ẹ lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ọ̀kan, kí ti òsì wà nínú èkejì. Àwọn àgbà ní ìyàwó méjì ọkọ kan ni wọ́n, ọ̀kan jẹ́ oníjà, ọ̀kan jẹ́ onísùúrù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó di omi gbígbóná. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rọ omi Gossy tí a ń mu níjọ́sí. Omi yẹn gbóná tó 70 ní orísun rẹ̀, kó tó wá di 37 níbi tó ti pàdé omi tútù.

Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn ìtàn odò, ẹ lè gbé ọjọ́ mìíràn kalẹ̀ fún Ìgèdè-Èkìtì. Ibẹ̀ lodò Ọ̀ṣun ti sun.

Adéwálé_Ìkẹjà · 6:48 àárọ̀

Ọ̀ṣun kẹ̀? Ṣé Òṣogbo kọ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Adó · 6:55 àárọ̀

Òṣogbo lẹ ti ń bọ ọ́, Ìgèdè la ti bí i.

Tíṣà_Jọ́gíráfì · 7:40 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtàn, ṣùgbọ́n 70 yẹn ni mo fẹ́ bá yín wí. Inú pátákó àti ìwé àwọn olùgbàlejò ni 70 wà. Omi tó bá gbóná tó 70 á bó èèyàn lára kíá, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ti ki ẹsẹ̀ bọ orísun Ìkọ́gòsì tí a sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbóná rẹ̀ kò ju ti ara èèyàn lọ dà bí alárà. Kí ọmọ tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru mú un dání.

Ẹnì kan lè sọ pé ní oṣù kẹjọ, ẹ̀ẹ̀rùn kékeré máa wà, òótọ́ ni, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ ẹ má gbára lé e. Lọ́dún mìíràn ó ń pẹ́ kó tó dé, lọ́dún mìíràn kò tilẹ̀ wá, àti pé lórí òkè, kùrukùru àti òjò wínníwínní kì í kúrò bọ̀rọ̀. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje sì ti mu ilẹ̀ yó.

Ohun tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ nìyí. Ẹ̀yìn òkè Ẹ̀rìn àti Èfọ̀n, òkúta líle ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ kì í tètè wọlẹ̀, odò ló ń sáré lọ bá. Oòrùn lè máa ràn lórí yín nísàlẹ̀ kí òjò máa rọ̀ lókè níbi tí ojú yín kò dé. Ìgbà tí omi bá fi máa dé ọ̀dọ̀ yín, kò ní kan ilẹ̀kùn. Omi tó mọ́ gaara tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ewé àti igi kéékèèké tó ń wọ́ kọjá níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀, ariwo tó yí padà, tó jinlẹ̀ sí i: ọ̀kan péré nínú wọn ti tó kí ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ kí ẹ gun òkè. Ẹ má sáré lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbà gòkè. Ẹ má sì lọ dúró lábẹ́ ibi tí omi ti ń já, bó ti wù kí fọ́tò ibẹ̀ dára tó. Omi ń ti òkúta bọ̀ láti òkè.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ibi tí omi ti dé rí. Ẹ ó rí pàǹtírí tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Òkè ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹní yín sí.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́ · 9:10 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi ní ilẹ̀ wa. Ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé, èèyàn kò tilẹ̀ ní láti mu omi náà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ odò kankan.

Ọ̀ṣọ̀mààló · 9:26 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, inú omi Olúmìrìn la dàgbà sí. Omi tó ń já láti ara àpáta, ìgbín wo ló máa dúró níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́ · 9:50 àárọ̀

Ẹ jàre lórí ìyẹn, mo yára sọ ọ́. Omi tó dúró tàbí tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi ti dáàmù àti àbàtà tí koríko wà létí rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n sá fún. Omi tó ń já kò fara rọ ìgbín. Síbẹ̀ odò tó ń sáré náà ní kòkòrò tirẹ̀: eṣinṣin dúdú kékeré tó ń jẹ èèyàn lọ́sàn-án, òun ló ń gbé àìsàn tó ń fọ́ni lójú létí odò. Ìjẹ ọjọ́ kan péré kì í sábà fa àìsàn náà, ẹni tó ń gbé etí odò fún ọdún pípẹ́ ló kàn jù, ṣùgbọ́n ó ń dunni, ó sì ń wú. Kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn. Àwọn ọmọ tí wọn kò gbé níbí, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà ibà kí ẹ tó kúrò ní Manchester. Tí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti dé.

Omi Ọ̀ṣun lọ́nà Òṣogbo, ẹ wò ó, ẹ má wọ̀ ọ́. Ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ ọ́ di omi pípọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Bọ̀dé_Àkúrẹ́ · 12:05 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ omi, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ọ̀nà oko. Aunty, ẹ ní ẹ fẹ́ gba ọ̀nà abúlé. Níjọ́ kan, èmi náà máa ń gba gbogbo ọ̀nà àbùjá tí mo bá rí lórí máàpù Google. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Máàpù kò mọ̀ pé afárá igi ti wó, kò mọ̀ pé àwọn tó ń wa góòlù ti gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí òjò sì ti rọ kún un tó fi dà bí adágún tó tẹ́jú. Ọmọ lè rò pé ibi ìwẹ̀ ni. Ààbò tún wà ńbẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀nà ọ̀dà tí ọkọ̀ èrò ń gbà ni kí ẹ gbà. Tí ẹ bá fẹ́ wọ inú oko, ọmọ abúlé náà ni kó jókòó síwájú ọkọ̀.

Ẹ kúrò létí odò ní aago mẹ́ta, bó ti wù kó dùn tó. Ilẹ̀ ń ṣú kí aago méje tó lù, táyà lè jò, òjò sì lè dí yín lọ́nà. Ẹ kọ nọ́ńbà Road Safety sílẹ̀, 122, àti 112. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ọ̀nà tí ẹ gbà, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lọ láàárín àwọn òkè yẹn.

Dẹ́rẹ́bà_Àgbà · 12:31 ọ̀sán

Bọ̀dé ti sọ ọ́ tán. Àmọ́ kí ẹ má dẹ́rù ba èèyàn jù. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà yẹn, ojoojúmọ́ sì ni àwọn èèyàn wa ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ọ̀sán ni kí wọ́n rìn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Adó · 1:14 ọ̀sán

Ohun kan ṣì kù. Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo bọ́ sínú oṣù kẹjọ, ọjọ́ 12 ló ń gbà. Ní ọjọ́ àṣekágbá, èrò á pọ̀ lọ́nà Òṣogbo débi pé ọkọ̀ kò ní lè mira. Ẹ yẹra fún apá ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àyàfi tó bá jẹ́ ọdún náà gan-an lẹ fẹ́ lọ wò. Ẹ kó ọ̀rá dání fún pàǹtírí yín. Ohun tí àwọn èèyàn ń fi sílẹ̀ létí omi níbẹ̀, ojú ń tini.

ỌmọOwá_Manchester · Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí màmá mi létí, ó ní kí n sọ fún Tíṣà pé ó kú iṣẹ́, kí n sì bi Bọ̀dé pé ọmọ ta ni. A ti pín in sí ọjọ́ méjì: Ẹ̀rìn lọ́tọ̀, Ìkọ́gòsì pẹ̀lú Arinta lọ́tọ̀. Màá padà wá jíṣẹ́.

ỌmọOwá_Manchester · ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, 7:55 alẹ́

A ti padà sí Manchester, ara gbogbo wa sì dá. Mo ṣèlérí, mo sì ti dé.

Ẹ̀rìn: aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ la débẹ̀. Ọmọ mi ọdún méje gun ipele méjì láìsọ̀rọ̀, èmi ni mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tó dàgbà bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìkẹta, wọ́n padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé ìdí. Àkọ́bí mi tí kì í gbójú kúrò lára fóònù dúró síwájú omi yẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ya fọ́tò kankan.

Òkè Èfọ̀n: ẹ̀gbọ́n mi ní ọ́tò kò nílò jíà, pé àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ká tó dé ìsàlẹ̀, òórùn tí Dẹ́rẹ́bà Àgbà sọ ti kún inú ọkọ̀. A dúró bí ogún ìṣẹ́jú níwájú obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a tún gbéra, òun fúnra rẹ̀ ló fà á sí 2, kò sì wo ojú mi.

Ìkọ́gòsì: ọmọ mi fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru ilé ìdáná wọn omi ní orísun. 38. Tíṣà, ẹ gba ife yín.

Arinta ni ẹ̀rù ti bà mí. A tẹ́ ẹní sórí òkúta kan tó tẹ́jú, oòrùn ń ràn, a ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ọmọ ọdún 11 ló sọ pé, “Mummy, omi ti di tíì.” Mo kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Nígbà tí mo wò, ewé ń wọ́ kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa wọlé ti ń pariwo pé ká dìde. A fi abọ́ sílẹ̀, a gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Kò pé ìdá mẹ́rin wákàtí tí òkúta tí a jókòó lé kò fi sí lójú mọ́. Ẹní lọ, abọ́ méjì lọ, ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Kò sí ẹ̀kán òjò kan tó bọ́ sí wa lára ní gbogbo àkókò yẹn. Ó yẹ kí n ti wo pàǹtírí orí igi kí n tó tẹ́ ẹní, Tíṣà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, fọ́tò ni mo ń wá.

Tíṣà_Jọ́gíráfì · 8:20 alẹ́

Ẹ fún ọmọ ọdún 11 yẹn ní ife tèmi.

Ìyá_Ìbejì_Adó · 8:33 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru yín ló bàjẹ́ ṣá.

Adéwálé_Ìkẹjà · 8:41 alẹ́

Ẹ kú ewu o. Èmi náà máa mú ìdílé mi lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí abọ́ ti bómi lọ, níbo lẹ ti wá jẹun?

ỌmọOwá_Manchester · 8:50 alẹ́

Àrámọkọ, iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Kò ní pátákó. Ẹ pa rédíò ọkọ̀ yín, ẹ tẹ̀ lé ìró odó.